Mẹ́gáàdì Inú Fóònù: Ìbéèrè Yín Lórí Áàpù Tó Ń Ṣọ́ Iná, Bọ́tìnì àti Bluetooth

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ yín: báwo ni áàpù ṣe máa mọ̀ pé wọ́n ki ṣájà bọ fóònù, pé wọ́n tẹ bọ́tìnì, tàbí pé ẹ̀rọ Bluetooth ti já, nígbà tí fóònù wà lápò tí áàpù náà ò sì sí lójú rẹ̀? A mú lẹ́tà mẹ́fà. Ti àkọ́kọ́ la pẹ́ lé lórí jù, torí ẹni tí ìyẹn bá yé, ìlàjì èyí tó kù ti yé e.

Iná dé, áàpù ò gbọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣùúrùlérè ni mò ń gbé. Wọ́n ní Band A ni àdúgbò wa, mo sì fẹ́ mọ iye wákàtí tí iná ń wà lóòótọ́. Mo kọ áàpù kékeré kan ní Kotlin, èdè tí wọ́n fi ń kọ áàpù Android, mo fi ACTION_POWER_CONNECTED àti ACTION_POWER_DISCONNECTED (ìkéde tí fóònù ń ṣe bí wọ́n bá ki ṣájà bọ̀ ọ́ àti bí wọ́n bá yọ ọ́) sínú manifest (fáìlì tí áàpù fi ń sọ ohun tó nílò fún Android), mo wá ki fóònù àtijọ́ kan mọ́ ògiri kó máa ṣọ́ iná fún mi. Lórí fóònù ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ Android 5, ó ń ṣiṣẹ́. Lórí tèmi tó jẹ́ Android 12, kò gbọ́ nǹkan kan. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Ìdáhùn: Kóòdù yín ò ṣẹ̀, òfin ló yí padà. Láti Android 8 tó jáde ní 2017, áàpù tí targetSdk rẹ̀ (nọ́ńbà Android tí wọ́n kọ ọ́ fún) bá jẹ́ 26 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò lè fi manifest gbọ́ ọ̀pọ̀ nínú ìkéde tí fóònù ń ṣe fún gbogbo áàpù, ti ṣájà sì wà lára wọn. Ìdí rẹ̀ ò jìnnà. Tẹ́lẹ̀, bí ẹ bá ti ki ṣájà bọ fóònù, áàpù bí ogún lè ta jí lẹ́ẹ̀kan náà, RAM á kún, fóònù á máa wọ́ bí ìgbín.

Olùgbọ́, ìyẹn apá áàpù tó ń gbọ́ ìkéde, tí ẹ bá fi registerReceiver forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú kóòdù ṣì ń gbọ́ ìkéde ṣájà títí dòní, ṣùgbọ́n ìgbà tí áàpù bá wà láàyè nìkan ni. Iṣẹ́ tó kù fún yín ni kí áàpù má kú. Ẹ wo mẹ́gáàdì: ẹnu géètì ló ń jókòó sí, níbi tí onílé ti ń rí i. Android náà ò gbà kí ẹnikẹ́ni sá pamọ́ sẹ́yìn ilé kó ní òun ń ṣọ́lé. Ohun tí wọ́n ń pè ní foreground service ni àga mẹ́gáàdì yìí. Àkíyèsí kan á máa hàn lókè fóònù nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, kí ẹni tó ni fóònù mọ̀ pé ẹnì kan wà lẹ́nu iṣẹ́.

Bí ẹ ó ṣe tò ó nìyí. Ẹ kọ service kan, ìyẹn apá áàpù tó ń ṣiṣẹ́ láì sí lójú fóònù. Ẹ fi startForegroundService gbé e dìde nígbà tí áàpù wà lójú fóònù, torí láti Android 12 kò rọrùn mọ́ láti gbé e dìde láti ẹ̀yìn. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá 5, service náà gbọ́dọ̀ ti pe startForeground pẹ̀lú àkíyèsí rẹ̀. Bó bá pẹ́, Android á pa áàpù náà dànù. Nínú onCreate (ìgbà tí service bá ń dìde) ni kí ẹ ti forúkọ olùgbọ́ sílẹ̀ fún ìkéde méjèèjì, kí ẹ sì yọ ọ́ nínú onDestroy (ìgbà tó bá ń kú). Láti Android 13, ẹ ní láti tọrọ àṣẹ POST_NOTIFICATIONS kí àkíyèsí náà tó lè hàn. Bí targetSdk yín bá ti jẹ́ 34, tí í ṣe ti Android 14, ẹ gbọ́dọ̀ sọ irú service tó jẹ́. Fún ìṣọ́ iná, specialUse ló bá a mu, ẹ ó sì kọ àṣẹ FOREGROUND_SERVICE_SPECIAL_USE sínú manifest pẹ̀lú ti FOREGROUND_SERVICE. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e sórí Google Play, wọ́n á ní kí ẹ ṣàlàyé ohun tó ń ṣe. Ẹ má lo dataSync torí pé òun lẹ rí nínú kóòdù ẹlòmíì: láti Android 15, wákàtí 6 péré nínú 24 ni wọ́n fún irú yẹn.

Nísinsìnyí, àwọn ibi tí àwọn èèyàn ti ń kọsẹ̀.

Ìkéde máa ń sọ ìyípadà fún yín, kì í sọ bí nǹkan ṣe wà. Bí iná bá ti wà kí service tó dìde, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan títí iná á fi lọ. Kí service tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kó kọ́kọ́ béèrè: ẹ pe registerReceiver pẹ̀lú null àti ACTION_BATTERY_CHANGED, á dá yín lóhùn lójú ẹsẹ̀. EXTRA_PLUGGED ni kí ẹ kà nínú ìdáhùn náà. 0 ni pé kò sí ṣájà, 1 ni ṣájà ògiri, 2 ni USB. Ẹ má gbára lé EXTRA_STATUS. Fóònù tí bátìrì rẹ̀ ti kún, tàbí tí wọ́n ti sọ fún pé kó dúró sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún kí bátìrì má bàa tètè gbó, lè wà lórí iná kó sì sọ fún yín pé òun ò gba iná. Irú èyí ló ń mú kí áàpù ẹlòmíì kọ ọ́ pé iná lọ láago méjì òru nígbà tí fáànù ń yí lókè orí rẹ̀.

Iná àdúgbò kì í dé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó lè ṣẹ́jú ní ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó dúró, kí àwọn ọmọdé tó ráyè pariwo Up NEPA. Ọ̀pọ̀ á fẹ́ fi Handler (irinṣẹ́ tó ń sún iṣẹ́ síwájú) dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 30 kí wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Aago tí Handler ń lò máa ń dúró nígbà tí fóònù bá sùn, fóònù tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ lórí rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò sì fọwọ́ kàn kò ní pẹ́ sùn. 30 yẹn lè di wákàtí méjì. Ẹ kọ gbogbo ìyípadà sínú database lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú àsìkò rẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá ń ṣírò ni kí ẹ ka èyí tí kò tó ìṣẹ́jú kan kún ìṣẹ́jú ojú.

Ẹ wo ibi tí ẹ ki ṣájà sí pẹ̀lú. Bí sọ́kẹ́ẹ̀tì náà bá wà lórí inverter, iná ò ní lọ láéláé lójú áàpù yín. Bó bá wà lẹ́yìn changeover, jẹnẹrétọ̀ náà á di iná ìjọba. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná fa sọ́kẹ́ẹ̀tì kan fún yín ṣáájú changeover, kó fi fíúsì sí i. Ẹ má tú u fúnra yín. Power bank ò gbọ́dọ̀ sí láàárín ṣájà àti fóònù. Bí ilé yín bá ń lo ju fésì kan lọ, fésì tí sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn wà lórí rẹ̀ nìkan lẹ̀ ń ṣọ́. Ọ̀pọ̀ ṣájà ni wọ́n kọ 100 sí 240 fóòtì sí lára, nítorí náà, ní ìgbà tí iná bá rẹlẹ̀ tí gílóòbù ń ṣe bí àbẹ́là, ṣájà lè máa ṣiṣẹ́ lọ. Áàpù á ní iná wà, fíríìjì yín á ní kò sí. Àwọn méjèèjì ò parọ́.

Èyí tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ kò sí nínú kóòdù rárá. Bí iná bá lọ fún ọjọ́ mẹ́ta tí bátìrì fóònù àtijọ́ yẹn sì kú, nígbà tí iná bá dé, ọ̀pọ̀ fóònù kì í tan ara wọn. Àwòrán bátìrì nìkan ni wọ́n á máa fi hàn títí ẹnì kan á fi tẹ bọ́tìnì. Kí ẹ lè mọ ibi tí àkọsílẹ̀ ti já, ẹ fi WorkManager (irinṣẹ́ Android tó ń ṣe iṣẹ́ ní àsìkò tí ẹ bá dá fún un) ṣe iṣẹ́ kékeré kan tó ń kọ "mo wà láàyè" lóòrèkóòrè. Ìṣẹ́jú 15 ni àlàfo tó kúrú jù tó gbà, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí fóònù bá sùn wọra. Ẹ fi BOOT_COMPLETED, ìkéde pé fóònù ti tàn tán, sínú manifest. Òun wà lára ìwọ̀nba tí òfin 2017 yọ sílẹ̀, ó sì lè gbé service irú specialUse dìde. Àmọ́ bí fóònù bá ní PIN, ìkéde yẹn ò ní dé títí wọ́n á fi ṣí i. Ẹ yọ PIN kúrò lórí fóònù tó jẹ́ iná nìkan ló ń ṣọ́, ẹ má sì fi áàpù báńkì kankan sílẹ̀ lórí rẹ̀.

Ẹ máa yẹ ẹ̀yìn fóònù náà wò lóṣooṣù. Bátìrì tó wà lórí iná tọ̀sán-tòru lè wú. Bí ẹ̀yìn bá ti ń ṣí, ẹ pa á, ẹ yọ ọ́ lórí iná, ẹ má sì fi nǹkan gún un. Orí tábìlì tàbí ilẹ̀ tó le ni kó wà, kì í ṣe orí tìmùtìmù.

Ní ti ìṣírò: wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́ ni wọ́n ń pè ní Band A, 16 ni Band B, 12 ni Band C. Ẹ ṣe àkójọ ojoojúmọ́ ní ọ̀gànjọ́ sí ọ̀gànjọ́, ẹ sì kọ "a ò mọ̀" sí àsìkò tí fóònù fúnra rẹ̀ kú. Bí ẹ bá ka àsìkò yẹn kún ti àìsí iná, ẹni tí ẹ gbé e lọ bá á rí ibi tí yóò gbà já gbogbo rẹ̀ nù.

Ó ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ méjì, ó dákẹ́

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ọ̀gá wa, mo ti ṣe foreground service bó ṣe yẹ, àmọ́ lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì, àkíyèsí á pòórá, áàpù á dákẹ́. Lórí emulator (fóònù àfarawé inú kọ̀ǹpútà) kì í ṣẹlẹ̀. Múṣin ni mo wà.

Ìdáhùn: Emulator kì í ṣe fóònù tí wọ́n rà ní Computer Village. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fóònù ń fi òfin tiwọn lé ti Google lórí kí bátìrì lè pẹ́, pàápàá lórí fóònù tí RAM rẹ̀ jẹ́ 2 tàbí 3GB. Lórí òmíì, bí ẹni tó ni fóònù bá kàn fa áàpù dànù nínú àwọn tó ṣí sílẹ̀, fóònù á gbà pé ó ní kí wọ́n pa á pátápátá.

Kí ẹ tó máa bú ẹnikẹ́ni, ẹ béèrè lọ́wọ́ Android ohun tó pa á. Láti Android 11, getHistoricalProcessExitReasons á sọ fún yín. REASON_LOW_MEMORY ni pé RAM ló tán. REASON_USER_REQUESTED ni pé ẹnì kan pa á, tàbí pé fóònù ṣe bí ẹni pé ẹnì kan pa á. Bó bá jẹ́ REASON_CRASH, ọwọ́ yín ni ẹjọ́ wà. Ẹ kọ ìdáhùn yẹn sínú àkọsílẹ̀ áàpù ní gbogbo ìgbà tó bá dìde.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ètò fóònù, ẹ wá áàpù náà, ẹ bọ́ sí ibi bátìrì, ẹ yan Unrestricted. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń gba áàpù láyè láti dá bẹ̀rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ láti fóònù sí fóònù, Auto-start ni ọ̀pọ̀ ń pè é. Ẹ fi àmì àgádágodo de áàpù náà mọ́ ibẹ̀ nínú àwọn tó ṣí sílẹ̀, kí wọ́n má bàa fà á dànù, bí fóònù bá ní in. Áàpù tí wọ́n bá fi Force stop pa kò ní gbọ́ ìkéde kankan mọ́, BOOT_COMPLETED pàápàá, títí ẹnì kan á fi fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i. Kò sí ọgbọ́n kóòdù tó ń wo ìyẹn sàn.

Kí ẹ má bàa dúró de iná kí ẹ tó dán an wò, ẹ so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ lo adb (irinṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà fi ń bá fóònù sọ̀rọ̀), ẹ tẹ adb shell dumpsys battery unplug. Fóònù á rò pé wọ́n yọ ṣájà. Ẹ tẹ adb shell dumpsys battery set ac 1, á rò pé iná dé. Bí ẹ bá parí, ẹ tẹ adb shell dumpsys battery reset. Ẹni tó bá gbàgbé èyí tó kẹ́yìn, fóònù á máa parọ́ bátìrì fún un títí tí yóò fi pa á tàn.

Bọ́tìnì ìdágìrì nínú ọkọ̀

Ìbéèrè: Akẹ́kọ̀ọ́ ni wá ní Akọkà. A fẹ́ ṣe áàpù tí èèyàn lè fi ké gbàjarè bó bá wọ ọkọ̀ one chance: kó tẹ bọ́tìnì ohùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú àpò, kí áàpù fi ibi tó wà ránṣẹ́. onKeyDown, ibi tí áàpù ti ń gba bọ́tìnì, ń ṣiṣẹ́ bí áàpù bá ṣí. Lápò ńkọ́?

Ìdáhùn: onKeyDown kò ní ṣiṣẹ́ lápò, torí ẹni tó wà lójú fóònù ni bọ́tìnì ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀nà méjì ló kù, a ò sì fẹ́ràn ìkankan tán.

Ọ̀kan ni AccessibilityService, ètò tí wọ́n ṣe láti ran àwọn aláàbọ̀ ara lọ́wọ́. Ẹ fi canRequestFilterKeyEvents sínú fáìlì ètò rẹ̀, ẹ fi flagRequestFilterKeyEvents sí i, ẹ wá gba bọ́tìnì nínú onKeyEvent. Kó máa dá false padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ti gba bọ́tìnì ohùn lọ́wọ́ onífóònù. Ẹ má gbára lé e nígbà tí ojú fóònù bá ti kú. Ètò yìí lágbára púpọ̀, ó lè ka ohun tó wà lójú áàpù míì, nítorí náà Play á béèrè ìdí tí ẹ fi ń lò ó. Láti Android 13, bí ẹ bá fi APK (fáìlì áàpù) ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín lórí WhatsApp, fóònù ò ní gbà kó tan Accessibility fún un. Onífóònù ní láti lọ sí App info, tẹ àwọn ẹyọ kékeré mẹ́ta (⋮) lókè, kó yan Allow restricted settings.

Ọ̀nà kejì ni MediaSession tí ẹ fún ní VolumeProvider. Fóònù á gbà pé orin ń dún lórí ẹ̀rọ míì, á máa gbé bọ́tìnì ohùn wá fún yín. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí onífóònù bá ṣí orin gidi, ohun gbogbo dàrú.

Bọ́tìnì tí wọ́n fi ń pa fóònù, ẹ gbàgbé rẹ̀. Áàpù kankan ò lè gbà á. Ohun tí àwọn kan ń ṣe ni pé kí service máa ka iye ìgbà tí SCREEN_ON àti SCREEN_OFF wáyé láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Inú kóòdù nìkan ni ìkéde méjèèjì yìí ti ń gba orúkọ sílẹ̀, kò sí ti manifest fún wọn rí.

Ìmọ̀ràn wa rèé: láti Android 12, ọ̀pọ̀ fóònù ti ní Emergency SOS nínú ètò wọn. Ẹ tẹ bọ́tìnì tí wọ́n fi ń pa fóònù lẹ́ẹ̀márùn-ún kíákíá, á pe nọ́ńbà tí ẹ bá fi sí i. Ní Èkó, 112 àti 767 ni nọ́ńbà pàjáwìrì. Iṣẹ́ tó kù fún áàpù yín ni pé kó mọ ọ̀nà tí ẹni náà ń gbà lọ, èyí tí service irú location lè ṣe bí ẹ bá ti gbé e dìde kó tó wọ ọkọ̀. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ bọ́tìnì tiyín, kí fóònù gbọ̀n lápò, kó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 10 kó tó ránṣẹ́. Kọ́kọ́rọ́ àti owó ẹyọ inú àpò mọ bọ́tìnì í tẹ̀.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé já ní Ìdúmọ̀tà

Ìbéèrè: Mo ń ṣe áàpù risíìtì fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù ní Ìdúmọ̀tà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré ni wọ́n ń lò, oníbébà 58 mìlímítà, pẹ̀lú Bluetooth. Nígbà míì ẹ̀rọ á ti já, áàpù ò ní mọ̀, oníbàárà á dúró títí.

Ìdáhùn: Tiyín rọrùn díẹ̀ ju ti oníná lọ: ACL_CONNECTED àti ACL_DISCONNECTED (ìkéde pé ẹ̀rọ Bluetooth ti so pọ̀ àti pé ó ti já) wà lára àwọn tí òfin 2017 yọ sílẹ̀, ẹ lè fi wọ́n sínú manifest. Láti Android 12, ẹ tọrọ àṣẹ BLUETOOTH_CONNECT lọ́wọ́ onífóònù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ò ní gbọ́. Nínú ìkéde náà, ẹ ka EXTRA_DEVICE, ẹ fi àdírẹ́sì rẹ̀ wé ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, yíyọ tí ọmọ ṣọ́ọ̀bù bá yọ gbohùngbohùn etí rẹ̀ á di "ẹ̀rọ ti já".

Ìdí tí ó fi ń pẹ́ ni pé, bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ jìnnà tàbí tí bátìrì rẹ̀ kú lójijì, kò dágbére. Fóònù á máa retí rẹ̀ kó tó gbà pé ó ti lọ, ìṣẹ́jú àáyá 20 sì ni ìlànà Bluetooth fi sílẹ̀ bí ẹnikẹ́ni ò bá yí i padà. Ẹ má dúró de ìkéde. Kí ẹ tó tẹ risíìtì, ẹ fi báìtì mẹ́ta ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ: 0x10, 0x04, 0x04. Ìbéèrè nípa bébà ni, ní ESC/POS, èdè àṣẹ tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń gbọ́. Bí èsì ò bá dé láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2, ẹ sọ fún oníṣọ́ọ̀bù kó wo ẹ̀rọ. Bébà tó tán kì í já Bluetooth, nítorí náà ìbéèrè yìí nìkan ló lè sọ ọ́. Àwọn ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú kan kì í dáhùn rárá. Ẹ dán oríṣi tí àwọn oníbàárà yín ní wò, kí ẹ kọ èyí tí kì í dáhùn sílẹ̀.

iPhone ńkọ́?

Ìbéèrè: Irú áàpù oníná yẹn, ṣé ó ṣeé ṣe lórí iPhone? Láti Ọ̀báléńdé.

Ìdáhùn: Lọ́nà tí Android gbà ṣe é, rárá. iPhone máa ń dá áàpù dúró láìpẹ́ lẹ́yìn tó bá kúrò lójú fóònù, áàpù tí wọ́n dá dúró kò sì ní gbọ́ batteryStateDidChange, ìkéde iPhone lórí ṣájà àti bátìrì. Ohun tó ṣeé ṣe ni kí onífóònù fúnra rẹ̀ ṣí áàpù Shortcuts, lọ sí Automation, yan Charger, mú Is Connected àti Is Disconnected, kó sì yan Run Immediately. Láti iOS 16, ẹ lè fi App Intents (ọ̀nà tí áàpù fi ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún Shortcuts) ṣe iṣẹ́ kan tí automation yẹn á pè nínú áàpù yín, á sì kọ àsìkò sílẹ̀. Bluetooth nìkan ni iPhone ti lawọ́ díẹ̀: bí ẹ bá fi bluetooth-central sínú background modes tí ẹ sì fún CBCentralManager (apá tó ń bójú tó Bluetooth nínú áàpù) ní restore identifier, orúkọ tí iOS fi ń dá a mọ̀, iOS lè jí áàpù nígbà tí ẹ̀rọ bá dé. Bí onífóònù bá fa áàpù náà sókè dànù, ó tán, títí yóò fi ṣí i padà.

Gbohùngbohùn etí já nínú dánfó

Ìbéèrè: Bí wáyà etí bá já, ìwàásù á bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbangba nínú ọkọ̀. Báwo ni áàpù mi ṣe máa dá a dúró? Láti Yábàá.

Ìdáhùn: Ẹ gbọ́ ACTION_AUDIO_BECOMING_NOISY, ìkéde pé ohùn fẹ́ bọ́ sí gbangba, nínú service tó ń gbé ohùn jáde, kí ẹ dá a dúró lójú ẹsẹ̀. Á dé kí ohùn tó bọ́ sí ẹnu fóònù, ó sì kan ti Bluetooth náà. Bí ẹ bá ń lo ExoPlayer (irinṣẹ́ tí áàpù fi ń gbé ohùn àti fídíò jáde), setHandleAudioBecomingNoisy(true) ti parí rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó dá bẹ̀rẹ̀ padà nígbà tí wọ́n bá ki wáyà bọ̀ ọ́. Ẹni tó ni fóònù ni kó tẹ ẹ́.